Bí Mo Ṣe Gba Owó Màámi Lọ́wọ́ Bọ̀dá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo borí ní kóòtù Decatur, ní Amẹ́ríkà níbí, lónìí, àmọ́ mi ò lè yọ̀.

Adájọ́ gba àbójútó owó Màámi lọ́wọ́ Bọ̀dá Wálé, ẹ̀gbọ́n mi, ó fi lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún un. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá Màámi dùbúlẹ̀, Bọ̀dá ò gbà ká gba ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Bọ̀dá á ní kò sówó. Mo ti dé láti ibi iṣẹ́ rí, tí mo bá Màámi nílẹ̀ nínú ìtọ̀ wọn.

Adájọ́ bi Bọ̀dá pé níbo lowó wọlẹ̀ sí.

"Mo ti fi kọ́ ilé sílé ní Nàìjíríà, níbi tí a ó ti ṣe òkú Màámi. Sàréè wọn ti wà níbẹ̀, mo ti tẹ́ táìsì sí i. Èmi ni àkọ́bí." Ojú wọn ń dán bíi ti ẹni tó ń retí ìyìn.

Ká ní wọ́n jí i ni, ì bá sàn fún mi.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí Bọ̀dá. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé àga ni mí.

Màámi jókòó tì mí ní kóòtù, àmọ́ mo rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ò yé wọn. Nínú mọ́tò, bí mo ṣe ń so bẹ́líìtì mọ́ wọn lára, mo ní, "Màámi, ó ti tán o. Ẹni tí yóò máa wẹ̀ fún yín ń bọ̀ lọ́la."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "O ṣé, ọmọ mi. Ta ni yóò wá sin mí báyìí?"