Ẹ Bá Mi Ki Ẹ̀jẹ̀ Àmọ̀kẹ́

Mujeebat, ọmọ mi àtàtà,

Asàlámù aléékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó, ṣé ara le, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ọwọ́ rẹ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọlọ́mọ wò kò ní gbọ̀n. Àwa náà wà ní Bẹẹrẹ níbí, a ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan jọ Obed oní-POS, n kò purọ́.

Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ lọ́jọ́ Ajé. Ọmọbìnrin tó wá gbà á kò gbà ju ìgò kékeré kan lọ. Mo ní kó fi èènì sí i, kó má lọ jẹ́ pé inú èyí tó ṣẹ́kù lára ni ohun tí a ń wá sá sí, ó kàn rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n bá ẹ̀jẹ̀ náà wọ mọ́tò dé Èkó, ó ní inú àpótí yìnyín ló máa wà, kò sí àyè fún mi níbẹ̀. Mo wá bẹ dírẹ́bà kó rọra máa wa mọ́tò, nítorí ìyá rẹ máa ń bì tó bá wọ ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ṣàì jọ ọ́.

Láti ọjọ́ tí o ti ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún mi ni ẹnu ti ń yà mí. Pé lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ọmú ìyá rẹ lọ́dún tó kọjá, ó ṣeé ṣe kí èérún àìsàn jẹjẹrẹ náà ti yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó máa rìn kiri, kó máa wá ibi tí yóò tún tẹ̀dó sí. Pé àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò kan ṣoṣo pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tó wà láyé lọ, ẹyọ kan tàbí méjì péré sì lè jẹ́ àlejò burúkú náà, síbẹ̀ ẹ ó rí i! Pé ẹ ó da ìyẹ̀fun irin sí i, irin á lẹ̀ mọ́ àlejò yẹn nìkan, òòfà á sì fà á jáde. Súbúhánáláhì! Èmi tó ti ń fi òòfà ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, n kò mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ló ń dà mí láàmú. O ní àmì kan wà lára àlejò náà tí àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ kò ní, òun ni irin fi ń dá a mọ̀. Mujeebat, àmì kò tó. Ilà ojú tí a fi ń dá ara wa mọ̀ n'Íbàdàn yìí, ta ló ń kọ ọ́ mọ́? Ìwọ gan-an kò ní. Oríkì ni kò ṣeé jí. Bí a bá ki ọmọ ilé, orí rẹ̀ á wú, àlejò á kàn dúró bí òpó ni. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ ki ẹ̀jẹ̀ náà, èyí tí orí rẹ̀ kò bá wú, ẹ mú un.

Mo ti jókòó láti kọ oríkì ilé wa ránṣẹ́ sí ọ kí n tó rántí pé ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ilé wa. Ọmọ àdúgbò Ọ̀rányàn ni. Ogójì ọdún ló ti ń fi oríkì baba tèmi jí mi, èmi kò mọ̀ ju kí n pè é ní Àmọ̀kẹ́ lọ. Ni mo bá wọ agbádá, ó di ilé àna mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Sìdí, àbúrò bàbá ìyá rẹ. Àyà rẹ̀ já, ó ní ṣé mo fẹ́ dá ọmọ àwọn padà ni. Mo ní rárá o, oríkì ni mo wá kọ́. Ó ní orí ọmọ ni mo san owó lé, n kò san ti oríkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó jókòó tì mí, ó ń kọ́ mi, ó ń nu ojú, bí mo bá sì ṣì í pè, á gbá mi lórí bí ọmọ ilé kéú.

Láàárọ̀ àná tí a kírun tán, mo ní kí n dán an wò lára ìyá rẹ ná. Mo ní Àmọ̀kẹ́, ọmọ aláró, ọmọ ọwọ́ dúdú tí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, kò sẹ́ni tó pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní n kò pe ibì kan dáadáa. Mujeebat, mo fi ojú mi rí i, orí rẹ̀ wú.

Nítorí náà, bí ó bá kan ìgò náà láti wọ inú ẹ̀rọ yín, fi tó mi létí, n ó pè ọ́, ìwọ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó kì í fúnra mi. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kò ní pẹ́. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́dọ̀ Obed, kí n fi ra káàdì, kí ìpè má baà já láàárín oríkì, kí n sì ra sálúbàtà fún Ìyá Sìdí.

Ìyá rẹ ní ohun tí ẹ bá rí, kí o sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dá bá lè rí ẹyọ kan láàárín gbogbo èrò yẹn, Ọlọ́hun tó dá èrò náà kò ní ṣàì rí wa ní Bẹẹrẹ. Yóò dá ọ sí, ìwọ náà yóò jẹ èrè ọmọ. Kó má sì jẹ́ pé ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ṣe ń ki ìyá rẹ ni n kò ní rí ẹni tí n ó máa kì mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mikail, télọ̀ Bẹẹrẹ