Ìbò Tí Wọn Ò Kọ Sílẹ̀

Illinois, oṣù kẹjọ, 1844

Màámi ọ̀wọ́n,

Ara wa le. Bí ẹ bá rí àmì omi lára ìwé yìí, òrùlé ló ń jò.

Ìbò ilé aṣòfin ti parí. Ọkọ mi, lọ́yà mi, ò wọlé. Níbí, a kì í fi ìwé dìbò bíi ti ọ̀dọ̀ yín. Ẹnu ni wọ́n fi ń pe orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ níwájú akọ̀wé. Ẹni tó ń du ipò kì í pe orúkọ ara ẹ̀, ti alátakò ẹ̀ ló máa ń pè. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Àmọ́ ojú ò ti Strother tó ń bá ọkọ mi du ipò náà: ara ẹ̀ ló pè!

Ìbò wọn wá dọ́gba, ó ku ọkọ mi nìkan.

Wọ́n ń pariwo, "Lemuel, pe ara ẹ jàre! Ṣé orí ẹ pé?"

Ó ṣí fìlà, ó pe Strother.

Inú bí mi. Mo ti orí bọ ojú fèrèsé ibi ìdìbò, mo ké, "Lemuel Pruitt!"

Akọ̀wé ní, "Ìyàwó, obìnrin kì í dìbò, lọ wo ìkòkò ẹ lórí iná."

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi nìkan ló tẹrí ba fún mi.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Bí wọ́n bá tún ń bèèrè irú ọkọ tí mo lọ fẹ́, ẹ ní bí wọ́n bá bi mí lọ́la, orúkọ tí mo ké lójú fèrèsé yẹn náà ni màá pè.

Ọmọ yín,
Keziah