Ẹ̀ẹ̀kan Péré Tí Ọ̀gá Ń Bẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn iṣẹ́. Tíṣà ní ohun tá a máa ń ṣe ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ — every day, usually. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní tiẹ̀ — yesterday, last week. Mo bi í pé èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ẹ̀kan, àmọ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá ń pè é bẹ́ẹ̀ ń tan yín jẹ ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Kí n kúkú kọ ọ́ síbí, kí inú mi lè rọlẹ̀. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ wa — Ẹ̀ẹ̀kan-Péré lorúkọ tí mo sọ ọ́ — máa ń dé ní Sátidé tá a bá ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì. Á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, á ní ká jọ̀ọ́ wá ran òun lọ́wọ́ ní Sọ́ńdè. Just this once. Ojú á tì wá, a ó ní ó dáa. Sọ́ńdè nìkan ni mo lè fi rí ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Láti ìgbà òjò ni mi ò ti fojú kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mò ń lọ aṣọ, ẹnu mi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Every Sunday. Every Sunday. Ìyá Jẹ́jẹ́, tá a jọ ń ká aṣọ, ní kí n rọra, pé iṣẹ́ ò sí níta. Mo mọ̀. Inú ń bí mi síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ẹ̀rù ń bà mí. Màá sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ó dé. Ẹ̀rín músẹ́ — just this once. Mo gbé aṣọ sílẹ̀. "No, sir. You say once, every Sunday." Ẹ̀rọ ń ké, síbẹ̀ ó gbọ́. Ó ní ìrànlọ́wọ́ lòun bẹ̀, òun ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní kí n má wá ní Mọ́ńdè náà nìyẹn. Ni Ìyá Jẹ́jẹ́ bá ní òun náà ò ní lè wá lọ́la. Inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ti bọ́ — kó bọ́. Ọmọ mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti ga. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, àǹtí." Mo ní èmi kì í ṣe àǹtí, èmi ni màmá ẹ. Mi ò sunkún. Mo ní kó wọ bàtà, ká jọ jáde, kò sẹ́ni tó máa pè mí padà lónìí.  Ó ní òun á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá òun, ló bá sáré wọ yàrá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.