Eèruwà Tí Kò Gbẹ

Ọjọ́bọ̀, Yábà

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi bomi rin eèruwà inú gáráwà tó wà lẹ́yìnkùlé, kí n lè mọ bó ṣe ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Ewé ẹ̀ tó tín-ín-rín nídìí ò rọ, iṣan funfun àárín ẹ̀ ṣì le. Láàárọ̀ ni mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi ní yunifásítì pé gbòǹgbò ẹ̀ lágbára.

Nírọ̀lẹ́ yìí ni màmá onílé wa ní, "Àánú koríko ẹ yẹn ṣe mí o. Àràárọ̀ ni mò ń fún un lómi."

Àràárọ̀!

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fèsì: "O káre. Mo ti sọ fún gbogbo ẹ̀ka wa."