Fọ́tò Màámi ní Àbígí

Ọjọ́ Ajé, 9/6/2025
Ìdánwò ku mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi Gbénró fi fọ́tò ìrìn àjò Àbígí ránṣẹ́ láti ilé. Gbogbo wọn lọ kí ẹbí Màámi létí omi – èmi nìkan ni mo jókòó s'Àgọ́-Ìwòyè tí mò ń kàwé. Ó ní kí n to àwọn fọ́tò náà sójú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà, kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí i. Ọjọ́ Àìkú ni Màámi á pé ọgọ́ta ọdún. Ẹni tí ò débi àsè ni wọ́n ní kó wá fọ abọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10/6
Zulaikha wà nínú gbogbo ẹ̀. Ìyàwó Gbénró, tí ò tíì pé ọdún méjì nílé wa. Lẹ́bàá ọkọ̀ ojú omi, ó lẹ̀ mọ́ Màámi. Níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó lẹ̀ mọ́ Màámi. Mo ti sọ ọ́ ní Gọ́ọ̀mù.
Màámi tí kì í jẹ́ ká di òun lọ́wọ́ mú sọdá títì! Bí èmi tó bí bá dán an wò, á ní ṣé òun ti darúgbó ni. Gọ́ọ̀mù wá gbá a mú níbàdí, Màámi sì ń rẹ́rìn-ín.
Owú ni. Mi ò ní purọ́ fún ìwé.

Ọjọ́rú, 11/6
Gọ́ọ̀mù pè. "Adúmáadán, ẹ kú ìwé o." Àbúrò ọkọ ni mo jẹ́ sí i, kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Ó béèrè fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo pa fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 12/6
Mo gé e kúrò nínú mẹ́fà. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13/6
Èyí tó dáa jù ló kù: Màámi lórí afárá pákó, omi lẹ́yìn ẹ̀. Mo pa Gọ́ọ̀mù rẹ́, mo fi omi dí ojú ibẹ̀. Màámi wá dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Mo dá Gọ́ọ̀mù padà, mo fẹ àwòrán náà lójú. Gbogbo ara Màámi ló gbé lé e. Ẹsẹ̀ òsì ò tẹlẹ̀ dáadáa. Mo wo àwọn mẹ́fà yòókù bí wọ́n ṣe wà kí n tó gé wọn – bákan náà.
Mo pe Gbénró. Ó ní láti oṣù kẹrin ni rọpárọsẹ̀ ti bá ẹsẹ̀ yẹn jà. Màámi ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún mi, àfi tí ìdánwò bá tán. Zulaikha ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń gbé e dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14/6
Mo ti dá a padà sínú gbogbo fọ́tò. Owú ò lọ o, ńṣe ló le sí i. Èmi lọmọ, òun ló mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15/6
Mo gun ọ̀kadà lọ sílé n'Íjẹ̀bú-Igbó, mi ò sọ fún ẹnì kan. Màámi jókòó lẹ́yìnkùlé. Ó fẹ́ dìde kí mi, kò lè dìde. Mo sáré na ọwọ́ sí i.
Ó wo ọwọ́ náà. Ó ní, "Bùsọ́lá, wọ ulé lọ jẹun." Ó wá ké sí Zulaikha pé kó wá gbé òun dìde.