Ihò Tí Bàbá Dí

Ajé, 4 oṣù Kẹjọ
Igi mọ́kànlélógójì ni mo gùn lónìí. Àwọn ọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò kọjá ọgbọ̀n — kí wọ́n lọ sinmi! Mi ò rí Oníwo kankan. (Orúkọ tí mo sọ kòkòrò náà nìyẹn, torí ìwo gígùn orí rẹ̀. Àjèjì ni; inú pákó àpótí ẹrù ló bá wọ ìlú, ó sì ti pa igi rẹpẹtẹ.) Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 6
Òjò. A ò gùn.

Ẹtì, 8
Òpópónà wa. Igi iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá, níbi tó ti kọ́ mi bá a ṣe ń di ayùn mú. Lókè, ìka mi kan ibì kan tó dán jù. Ihò Oníwo ni, roboto, ó tó pẹ́ńsùlù wọ̀. Ẹnìkan ti fi gúlúù àti ìyẹ̀fun pákó dí i, ó tún fi ọ̀bẹ fa ìlà èèpo igi sí i lára. Iṣẹ́ náà dára débi pé orí mi wú kí ẹ̀rù tó bà mí. Káfíńtà kan ṣoṣo ló lè ṣe é. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin — tó ní orúnkún ń dun òun!

Àìkú, 10
Mo lọ kí Bàbá. Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ?" Mo ní ó ń lọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ igi.

Ajé, 11
Mo sọ fún Ọ̀gá. Èmi náà ni mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí i pé kí wọ́n gé e. Bàbá ń wò mí látẹnu ọ̀nà. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 14
A gé e. Ìdin mọ́kànlá nínú rẹ̀. Bàbá fọwọ́ tẹ igi náà, ó rún bí àkàrà gbígbẹ. Ó ní òun rò pé bóun bá ti ilẹ̀kùn mọ́ kòkòrò náà, á kú sínú ilé ni. Mo ní, "Bàbá, ibi tó gbà jáde lẹ dí. Òun ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ló kù sílé."

Ẹtì, 15
Bàbá wá sí ọ́fíìsì, pẹ́ńsùlù létí. Ó ní òun ti dí mẹ́rin míì fáwọn aládùúgbò tó bẹ òun. Wọ́n á bínú o, ṣùgbọ́n òun á fi hàn wá. Igi mẹ́rin táwọn ọkùnrin wa ti gùn, tí wọ́n kọ "ó mọ́" sí!

Ó bi Ọ̀gá pé ta ló rí tòun. Ọ̀gá nàka sí mi.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo kọ́ ìka yẹn níṣẹ́. Ó yá, Ọ̀kẹ́rẹ́, gbé àkàbà."

Ó ṣáájú. Mo gbé e tẹ̀lé e. Orí mi wú, akoto ò gbà á mọ́.