Sàréè Tí À Ń Kùn Lẹ́fun

Igbó-Elérin,
Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Sàréè tí à ń kùn lẹ́fun lọ́dọọdún kì í ṣe ti Bàbá Àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ kí n tó kí yín. Láti Sátidé ló ti ń jẹ mí nínú, mo sì mọ̀ pé tí mo bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìkíni, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ dìde láìdi ògiri mú? Mo bẹ Ọlọ́run kí òtútù Jọ́ọ̀sì má mú yín jù.

Ǹ bá pè yín, ṣùgbọ́n etí yín kì í gbọ́ tinú fóònù dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ohun tí mo lè máa fi igbe sọ kí gbogbo àdúgbò máa bá wa gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Abọ́dúnrìn tí ẹ wà lọ́dọ̀ wọn á kà á fún yín.

Àwa náà wà níbí. Ó ti rẹ̀ mí ni. Eyín ń yọ lẹ́nu Ànúolúwapọ̀, kò sì jẹ́ ká sùn. Bí mo bá ti pọ̀n ọ́n pọnmi tán láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ tún ṣú padà. Mi ò ráhùn o, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sọ òótọ́ ara mi fún yín.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́ ń ṣe àjọ̀dún. Dọ̀tun, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ní òun máa ṣe eré ìwá-ìṣúra fún wọn, kí wọ́n lè mọ ilé Ọlọ́run tí àwọn baba ńlá wọn kọ́. Ó kọ àlọ́ sínú bébà, ó fi wọ́n pamọ́ káàkiri. Èyí tí wọ́n bá já ló máa mú wọn dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Àlọ́ kìíní ní: “Mo pariwo lé àgbà lórí, àgbà wọṣọ wá bá mi.” Agogo ni, wọ́n sáré lọ sábẹ́ rẹ̀. Èkejì ní: “Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi á sunkún, ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín.” Ìrètí tiwa ló kígbe pé, “Ibi ìrìbọmi ni! Ànú sunkún níbẹ̀ títí ó fi tọ̀ sí Alùfáà lára!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo rín kẹ́yìn nìyẹn.

Abẹ́ àwo ìrìbọmi ni àlọ́ tó gbẹ̀yìn wà: “Ibùsùn funfun tó kọjú sí ọ̀sà, dóńgóyárò ló ń ṣíji bò ó.” Kí Dọ̀tun tó kà á tán, Ìrètí ti gbéra. “Ti Bàbá wa Àgbà ni! Èmi àti Màámi la máa ń kùn ún!” Orí mi wú. Agolo bisikíìtì tí Dọ̀tun fi pamọ́ ti há sí etí sìmẹ́ńtì, ni Ìrètí bá mú igi, ó ń fi yọ ọ́. Bó ṣe fà á báyìí, ẹfun tó ti gbára jọ láti ọdún gbọọrọ ya bọ́, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára sìmẹ́ńtì yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ máa ń sọ pé òjò ló fọ orúkọ Bàbá nù. Òjò kọ́, Màmá. Àwa ni. Gbogbo Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde tí a bá ti roko ibẹ̀ tán, tí a po ẹfun, orúkọ là ń bò. Kì í ṣe àwa nìkan, gbogbo ẹbí tó ní òkú níbẹ̀ ló ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí gbogbo sàréè ọgbà yẹn fi jọra bí ìbejì.

Mo ní kí Ìrètí rọra máa ha á. Mo rò pé Àkànmú, orúkọ Bàbá Àgbà, ló máa jáde, mo tiẹ̀ ti ń ro bí mo ṣe máa ya fọ́tò rẹ̀ fún yín. Ohun tó jáde ni: ÀMỌ̀KẸ́ ÀTI ỌMỌ RẸ̀. ÌKÚNLẸ̀ LÓ MÚ WỌN LỌ. Ìrètí wojú mi, ó ní, “Màámi, ta ni Àmọ̀kẹ́?” Ànú wà lẹ́yìn mi, mo kàn ń jù ú sókè sódò, bẹ́ẹ̀ kò sunkún.

Mo délé, mo sọ ọ́ fún Bàbá Ìrètí. Ẹ sá mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ wá ń wọṣọ fún òkú olókùú, ẹ jẹ́ kí tiyín máa rìn níhòòhò!” Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn mi.

Mo ti rò ó títí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ibẹ̀ hàn mí, igi dóńgóyárò lẹ sì fi dá a mọ̀ nígbà tí ẹ ti Kàdúná dé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Bóyá igi méjì ló wà tẹ́lẹ̀, tí èyí tó wà nídìí sàréè Bàbá wó nígbà tí ẹ ò sí nílé. Mi ò dá yín lẹ́bi o.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn gan-an rèé. Lọ́jọ́ Àìkú, ìgbìmọ̀ ìjọ kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn sí apá ọgbà náà. Kó tó di Ìkórè, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan wá dúró ti sàréè tirẹ̀. Èyí tí kò bá lẹ́ni, wọn á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mo ní Bàbá mi Àgbà ńkọ́? Wọ́n ní, “Ìyá Ìrètí, fi wọ́n hàn wá.” Mi ò rí ibi tí mo máa nàka sí. Ẹ̀gbẹ́ bàbá yín lẹ sì ní ká tẹ́ yín sí lọ́jọ́ alẹ́.

Mo bi wọ́n ní ti Àmọ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìyẹn ò lẹ́ni.” Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là: “Ó lẹ́ni, sà. Ta ló ń kùn ún?” Wọ́n ní kí àgbà ilé wa sọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ sàréè kì í ṣe tọmọdé.

Màmá, ẹ rántí Àjíǹde ọdún tí mo lóyún Ànú, tí ẹ ní kí n sọ fún bàbá yín níbẹ̀ pé ìkúnlẹ̀ mi ti sún mọ́lé. Mo sọ ọ́. Etí ẹni tí ìkúnlẹ̀ pa ni mo sọ ọ́ sí. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń gbọ́ àdúrà, ṣùgbọ́n mo bí wẹ́rẹ́. Mi ò lè dúró máa wò wọ́n kí wọ́n tẹ́ sàréè obìnrin yẹn àti ọmọ rẹ̀ pẹrẹsẹ.

Nítorí náà, ẹ bá mi ronú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Bàbá Àgbà, ibo lẹ dúró sí? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ omi ọ̀sà, àbí agogo ló sún mọ́ yín? Ṣé oòrùn wà lójú yín? Ohunkóhun tí ẹ bá rántí, mo máa fi wá sàréè Bàbá. Ẹ sì sọ fún mi, ṣé kí n pe Àmọ̀kẹ́ ní tiwa?

Kí Ọlọ́run fi okun sí orúnkún yín. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú yín ò ní rí ibi.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Tóyọ̀sí, Ìyá Ìrètí.

Ọ̀rọ̀ ìparí: Ẹ̀gbọ́n mi Abọ́dúnrìn, ẹ má fo ibì kankan nínú rẹ̀ tí ẹ bá ń kà á. Tí wọ́n bá sunkún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún tán, kí ẹ tó bi wọ́n ní ibi tí wọ́n dúró sí. Ìkórè ti dé tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.